Ísórà Mẹ́ta Tí A Kó Kúrò ní Ìwáyà

Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, mo máa ń mú àlùmọ́gàjí ńlá, màá jáde sí ojúde ilé wa ní Súrùlérè, màá sì gé orí àwọn ísórà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gba yàrá òkè lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, bi mí léṣìí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní pa òdòdó yìí báyìí?" Mo dá a lóhùn pé ísórà kì í kú nítorí pé a gé orí rẹ̀, pé nígbà mìíràn àìgé rẹ̀ gan-an ló máa ń pa á. Ó rò pé iṣẹ́ ọgbà ni mo ń kọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún tí a kó kúrò ní Ìwáyà ló wà lọ́kàn mi, ọdún tí èmi ọmọ kékeré gbà tọkàntọkàn pé bí ọ̀kan nínú àwọn igi yẹn bá kú, èmi náà yóò kú tẹ̀ lé e.

Ilé tí a ń gbé ní Ìwáyà kò jìnnà sí ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú lápá Makoko. Yóò ké kíkankíkan, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń mí, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi, nítorí èmi ni mo ń gbá ojúde. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ló ń pọnmi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn Màámi láti ilé ìdáná. Màámi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn kejì tó máa ń wà lábẹ́ orin ni wọ́n ń kọ, òun nìkan ni wọ́n sì ń kọ nílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé bí àwọn orin náà ṣe rí gan-an nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ gbogbo ìjọ tí wọ́n ń ṣì í kọ. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́bàá omi a máa wọlé bá wa lórí ẹní, a sì máa wọ inú aṣọ tí a bá sá síta. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ ló ń run ẹja.

Akọ̀wé ìjọba ni Bàámi. Wọ́n máa ń nu kẹ̀kẹ́ wọn títí tí a ó fi rí ojú wa lára irin rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ló sì ní àyè tirẹ̀. Bí a bá mú nǹkan wọn lò, gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa ń sọ láì gbóhùn sókè: "Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un." Ní ti Màámi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ní fún gbogbo ìṣòro ayé: "Jẹun ná." Ìbáà jẹ́ ìdánwò tí ọmọ kò yege, ìbáà jẹ́ ìjà àwọn ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ pé ọ̀gá Bàámi bú wọn níbi iṣẹ́, "Jẹun ná." Ẹ̀bà á wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ilá á wà pẹ̀lú ẹja tó ti rọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí a bá sì fi máa fọwọ́, ìṣòro náà á ti kéré sí bí a ṣe gbé e wọlé. Mo ti lo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ti Bàámi àti ti Màámi, fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé. Èyí tó jẹ́ ti Màámi ló ṣiṣẹ́ jù.

Ní ojúde ilé náà ni àwọn ísórà wà. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀ á mọ òdòdó náà: igi kúkúrú ni, ewé rẹ̀ le, ó sì ń dán, àwọn òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa kóra jọ ribiti sórí ẹ̀ka. Bí ọmọdé bá já ọ̀kan, tí ó sì rọra fa okùn tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ jáde, omi dídùn díẹ̀ á wà ní ìdí okùn náà, díẹ̀ tó jẹ́ pé ahọ́n nìkan ló lè mọ̀ pé ó wà. Màámi ló gbìn wọ́n, wọn kò sì gbìn wọ́n fún ẹwà. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ wọn bá já, wọ́n á wé e sínú òwú, wọ́n á rì í sí ojúde, wọ́n á sì ki ẹ̀ka ísórà kan bọ ilẹ̀ lórí rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá bi ara wọn pé níbo ni wọ́n ri ìwọ́ ẹ sí, ọ̀pọ̀ á dárúkọ ìlú. Àwa á nàka sí igi. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè ni ti Bùọ̀dá Káyọ̀dé. Pupa ni tèmi. Funfun tó wà láàárín ni ti Adébísí, ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé Bùọ̀dá Káyọ̀dé, tí n kò bá láyé. Olúkúlùkù wa ló lè já òdòdó igi tirẹ̀ mu. A kì í já ti funfun. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ká má já a. A kàn mọ̀ ni. A sì mọ̀ pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà kan tí onílé wa mú àdá jáde láti ṣá àwọn ẹ̀ka tó ti ń dí ọ̀nà, Màámi lọ dúró síwájú igi tàwọn ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n kí bàbá náà dáadáa, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi wọlé.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni onílé pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojúde. Bàámi ti kọ́ ilé kékeré kan parí ní Súrùlérè, nítorí náà kò sí ìjà nínú ọ̀rọ̀ náà. A ó kàn kẹ́rù ni. Ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí a lọ ni Màámi sọ pé àwọn kò ní fi igi sílẹ̀. Onílé rẹ́rìn-ín, ó ní ísórà kún gbogbo Yábàá, pé kí wọ́n gé ẹ̀ka kan dání, kí wọ́n lọ gbìn ín. Màámi ní, "Bàbá, kì í ṣe òdòdó ni mò ń wá. Ilẹ̀ tó gba ìwọ́ àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ kó lọ. Igi yìí ló dì í mú." Bàámi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ dìde, wọ́n sì lọ wá ṣọ́bìrì.

Kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí mo ti rí àwọn tó fa igi tó ti dàgbà tu bí ẹni tó ń fa ẹ̀gẹ́, tí wọ́n wá ń sọ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ àwọn kò dára fún òdòdó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́. Bàámi bi àwọn tó ń tọ́jú ọgbà níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan, lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró yí igi kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n gé àwọn gbòǹgbò tó ti rìn jìnnà, wọ́n sì kó ilẹ̀ dúdú padà sínú kòtò náà, kí igi lè ta gbòǹgbò kéékèèké sítòsí ara rẹ̀. A ń bu omi rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ti àpò ìrẹsì bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì di gbòǹgbò àti ilẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń pọ́n ẹ̀kọ. Wọ́n tún ya búláòsì pupa Màámi kan tó ti gbó, wọ́n so ìrépé kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka tó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí igi lè kọjú síbẹ̀ náà ní ilé tuntun. Bùọ̀dá Káyọ̀dé bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn kò bá lè dá nǹkan padà síbi tó ti mú un, ó kéré tán, kó jẹ́ kó kọjú síbi tó ń kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bàámi ní ó yẹ kí a gé orí àwọn igi náà kúrò, ẹ̀ka àti òdòdó, nítorí gbòǹgbò tí a ti gé kò ní lè bọ́ gbogbo ewé yẹn. Màámi kò wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀bẹ kò ní kan wọ́n." Bàámi lọ dá àlùmọ́gàjí padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló kó wa. Àwọn igi ni a kó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn àga àti bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú òdòdó wọn, wọ́n sì ń mì lókè bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ. Nígbà tí a fẹ́ dé Súrùlérè, awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì nítorí ewúrẹ́ kan. Àga kan wó lu ísórà pupa, àpò rẹ̀ tú, ilẹ̀ dúdú Ìwáyà sì dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Màámi tú ìborùn wọn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ náà jọ sínú rẹ̀ títí tí kò fi sí èyí tó kù láàárín pákó. Awakọ̀ ní, "Màmá, ilẹ̀ mà kún Súrùlérè." Bàámi wo gbòǹgbò tó ti hàn síta, wọ́n sì wo Màámi.

A gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nílé tuntun, sínú ilẹ̀ pupa tó le, ilẹ̀ Ìwáyà sì yí ìdí wọn ká. Kò sí ariwo gẹdú ní àdúgbò náà, èyí sì mú kí oorun ṣòro fún mi. Ilé kejì ni Ìyá Ràfíù ń gbé, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní kànga, tó sì jẹ́ kí a máa fa omi níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a dé. Mo ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, wọ́n máa ń bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá dé ibi àwọn igi. N kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Ti ìyeyè sọ orí kọ́ díẹ̀, ó sì gbé e sókè padà. Ti funfun kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tó rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n òdòdó tèmi rọ, wọ́n di àwọ̀ ilẹ̀, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, èmi tí mò ń gbá ojúde ni mo sì ń gbá wọn jọ láràárọ̀. Bùọ̀dá Káyọ̀dé dúró tì mí níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Ó ní, "Fúnmi, igi ẹ ti ń lọ o. Ìwọ náà yáa máa palẹ̀ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé korobá rẹ̀, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó dé kànga. Èmi kò gbàgbé. Ìwọ́ mi wà ní ìdí igi yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi láti kékeré ni pé igi mi nìyẹn. Mo wo Adébísí tó ti kú, tí igi rẹ̀ ń tanná, mo wo ara mi tí igi mi ń gbẹ, ìṣirò náà kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dúró ṣe ìṣirò.

Nígbà náà ni mo rántí oògùn Màámi. Jẹun ná. Bí oúnjẹ bá lè wo gbogbo nǹkan sàn, ó yẹ kó wo igi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú oúnjẹ mi. Mo da ògì sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀. Mo bu ẹ̀bà sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, mo jẹ́ kí ẹran mi wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo títí gbogbo ilé fi jẹun tán, mo sì lọ fi ọwọ́ gbẹ́ ihò sí ìdí ísórà, mo bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ ẹ́. Mo ń rù sí i, igi náà ń gbẹ sí i. Ìjàlọ nìkan ló ń sanra.

Ìyá Ràfíù ló tú àṣírí náà. Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Ràfíù kí wa, wọ́n béèrè ara ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n sì rọra jókòó sí etí àga. Wọ́n ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ má bínú sí mi o. A ti di ọ̀kan náà báyìí, mi ò lè máa wò yín níran. Kí lẹ̀ ń bọ níbẹ̀ yẹn?"

Màámi ní, "Bọ kẹ̀?"

"Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi, mo dákẹ́. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ajá Ràfíù hú ẹran jáde ní ìdí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹran sísè. Ẹ̀bà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun."

Màámi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò mọ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ̀rín àti ìbínú, wọ́n sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aṣọ pupa àti ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi ẹran, ojú wọn bọ́ sára mi. Wọ́n wo ọrùn mi, wọ́n wo apá mi. Wọ́n pè mí mọ́ra, wọ́n sì bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé èmi ni. Mo bú sẹ́kún. Mo ní mi ò fẹ́ kú, pé mo ti fún un ní oúnjẹ, kò jẹ ẹ́.

Bàámi ti wọlé dé láti ibi iṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n sì dúró ti kẹ̀kẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n rìn wá sí ibi igi funfun, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e. Ohùn wọn kò ga. Wọ́n ní, "Ìyá Káyọ̀dé, eléyìí ni mo gé lọ́jọ́sí. Wò ó. Kò kú. Ibà ló mú ọmọ wa lọ. Kì í ṣe ọ̀bẹ."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Bàámi ti gé orí igi Adébísí rí, ní àsìkò òjò kan náà tí ọmọ náà kú. Èmi tí mo ti dàgbà mọ̀ báyìí pé Màámi kò fẹ̀sùn kan Bàámi rí, pé Bàámi náà kò sì gbèjà ara wọn rí. Wọ́n jọ ń gbé pọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, igi mẹ́ta sì ń dàgbà láìgé lójúde. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Ìyá Ràfíù tó ti dìde láti máa lọ tún jókòó, wọ́n sì di ọwọ́ Màámi mú. Lẹ́yìn náà Màámi ní kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé lọ mú àlùmọ́gàjí wá.

Màámi mú un lọ sí ìdí igi pupa. Mo di ìró wọn mú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó máa dùn ún, pé òun nìkan ni wọ́n fẹ́ gé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ gé tèmi náà."

"Kí ni tìẹ?"

"Irun mi. Kó má baà rò pé òun nìkan ni."

Ẹ gbọ́ o, irun mi gùn nígbà náà, ó sì pọ̀. Ṣùkú tí Màámi bá dì fún mi ní ọjọ́ Sátidé ni gbogbo àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi máa ń kí wọn. Màámi kò jiyàn. Wọ́n kọjú sí igi, wọ́n gé e, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tó fi ku kùkùté kéékèèké pẹ̀lú ewé díẹ̀. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n fi mí sáàárín orúnkún wọn, wọ́n tú ṣùkú mi, wọ́n sì gé irun náà mọ́lẹ̀ pátápátá pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan náà. Bí wọ́n ṣe ń gé e, wọ́n ń kọrin, ohùn kejì yẹn, lábẹ́ èémí. Wọ́n kó irun mi jọ, wọ́n sì rì í sí ìdí ísórà níbi tí ẹran wà tẹ́lẹ̀. Bàámi tú àwọn aṣọ pupa kúrò lára igi. Ìyá Ràfíù ní, "Àwọn akọ̀wé," wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ fa omi láti kànga wọn, wọ́n da korobá kíkún sí ìdí igi náà fúnra wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Màámi gbá etí mi mú, wọ́n fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n sì gbé oúnjẹ méjì síwájú mi, ọ̀kan tó jẹ́ tèmi, àti èkejì tí wọ́n ní mo jẹ ikùn mi ní gbèsè rẹ̀ nítorí igi. Mo jẹ méjèèjì.

Fún ìgbà díẹ̀, àwa méjèèjì pá. Bùọ̀dá Káyọ̀dé ń pè wá ní ìbejì. Láràárọ̀ tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo máa ń fi ọwọ́ kan ara kùkùté, màá sì fi ọwọ́ kan náà kan orí mi, láti mọ ẹni tó ń ṣíwájú. Orí mi ló kọ́kọ́ hu. Mo fi í ṣe igi ní yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ kan lẹ́yìn òjò, mo rí i tí ewé pupa rúsúrúsú, tó kéré ju èékánná lọ, ti yọ lára gbogbo ibi tí wọ́n ti gé, mo sì pariwo tí Màámi fi sáré jáde tàwọn ti ṣíbí ọbẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ìdí rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ewé náà ṣe pọ̀ tó lọ. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí igi funfun, wọ́n já òdòdó kan, wọ́n fa okùn rẹ̀, wọ́n sì fi í sí mi lẹ́nu. Ó dùn bákan náà pẹ̀lú tèmi.

Àwọn òbí mi ti lọ, Ìyá Ràfíù náà ti lọ, Bùọ̀dá Káyọ̀dé sì ń gbé ní ọ̀nà jíjìn, ó máa ń bi mí lórí fóònù pé ìbejì mi ńkọ́. Ó wà. Ó ti ga jù mí lọ. Ọmọ àwọn tó wà ní yàrá òkè máa ń já òdòdó rẹ̀ mu bó bá ń ti ilé-ìwé bọ̀, mo sì ti kọ́ ọ bó ṣe máa rọra fa okùn náà kó má baà já. Bí mo bá sì gé igi náà tán lọ́dọọdún, tí gbogbo ẹ̀ka ti wà nílẹ̀, tí ó dúró síwájú mi ní ìhòòhò bí i ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ọwọ́ mi á sì lọ sí orí mi, níbi tí irun ti di funfun báyìí. Màá gé díẹ̀ níwájú etí, màá rì í sí ìdí rẹ̀, kó má baà rò pé òun nìkan ni.